Ìbò Olóògbé Oyèdòkun

Wọ́n ní kí Ìbírónkẹ́ kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ó sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan nínú méjì: "ó wà láàyè" tàbí "ó ti kú". Ó kọ Samuel Oyèdòkun. Ó fa ìlà sábẹ́ "ó ti kú". Ẹ̀rọ orí tábìlì gbé ìwé náà mì, ó sì pọ òmíràn síta fún un: Yàrá Kẹrìnlá, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré.

"Ṣé wọ́n ti sọ fún un pé à ń bọ̀?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Fún ta ni?"

"Bàbá rẹ."

"Màámi, ìgbà tí a bá wọlé ni wọ́n máa tó tan ẹ̀rọ yẹn. Kò mọ nǹkan kan báyìí."

Fàdérera ìyá rẹ̀ gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé orí itan. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi mọ́tò rìn láti ìlú Marlow, kò sì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lójú ọ̀nà.

Èrò kún gbọ̀ngàn tí wọ́n jókòó sí dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ohun kan náà ló kó gbogbo wọn wá. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ti ka ìbò tiwọn tán. Ohio nìkan ló kù, ẹni tó bá sì mú Ohio ló di ààrẹ. Gómìnà Dale Whitcomb fi igba ìbò ó lé méjìlá ṣáájú Ruth Amsden. Nínú ìbò àwọn alààyè, Amsden ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Àwọn òkú ìlú tí wọ́n ti ń rọ irin nígbà kan ló fa Whitcomb bọ́ síwájú. Òfin sì fún àwọn ẹbí ní ọjọ́ mẹ́wàá láti wá yẹ ìbò òkú wọn wò.

Àwòrán àwọn ààrẹ tò lọ lára ògiri. Nọ́ńbà méjì wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti alààyè ní dúdú, ti olóògbé ní pupa. Mẹ́rin wà nínú wọn tó jẹ́ pé nọ́ńbà pupa nìkan ló gbé wọn wọlé. Àwòrán tó kẹ́yìn kì í ṣe ti ààrẹ. Opó kan ni, Hester Quill, ó mú ìwé ìbò tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí lára dání. Ọkọ rẹ̀ ti fàmì sí ìwé náà ní bùdó kí ọta ìbọn tó bà á nínú ogun abẹ́lé ayé àtijọ́. Opó náà ló gbé e lọ síbi ìdìbò, tó ní dandan ni kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó kó lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wá láti fi ẹni tí ọkùnrin náà ì bá yàn hàn wọ́n ká ní ó ṣì wà láàyè. Wọ́n ka ìyẹn náà. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Ìbírónkẹ́ ní ìtàn yìí, wọ́n sì ní kí ó fi pẹ́ńsùlù àwọ̀ kun aṣọ opó náà.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ìtàn náà gan-an. Fún ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wọ táì lọ sí ilé ìkàwé Marlow láti jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀, èyí tí wọ́n á fi máa dìbò fún wọn lẹ́yìn ikú. Ó ń sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀nà, lórí iléèwé, lórí ogun, lórí àwọn àjèjì. Ọdún méjìlá ni òfin fún olóògbé kọ̀ọ̀kan láti máa dìbò lọ. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀: "Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko ni màá dìbò lẹ́yìn ikú mi."

Ẹ̀ẹ̀kan ti lọ nínú ẹ̀ẹ̀mẹta náà báyìí. Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló dìbò fún Whitcomb.

Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì ìpolongo Amsden ló pe Ìbírónkẹ́ lórí fóònù. "Ìyáàfin, a rí i pé olóògbé yín wà lọ́dọ̀ Whitcomb," ó ní. "A tún rí i pé ọkọ yín kò ní ìwé. Ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí bàbá yín fẹ́ nìyẹn?"

Ìbírónkẹ́ mọ̀ dájú pé ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn. Whitcomb ti ṣèlérí Òfin Ẹnu-Ọ̀nà: ẹni tí kò bá ní ìwé tó péye lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ààrẹ bá búra, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ní láti fi kúrò nílẹ̀ náà. Ìgbéyàwó kò lè gbà á, ọmọ kò lè gbà á. Ládípọ̀ ọkọ rẹ̀ wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ọmọ ogún ọdún. Iléèwé tó ń lọ ti ilẹ̀kùn pa ní ọdún kejì, físà náà sì kú. Ládípọ̀ kò padà. Ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ó fẹ́ Ìbírónkẹ́, wọ́n bí Mọrádékẹ́. Bàbá Ìbírónkẹ́ kò jẹun nílé wọn rí títí ó fi kú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, Ládípọ̀ ló bá a lọ búláòsì tó wọ̀. Kò sọ pé kí ó ṣe é, kò sì sọ pé kí ó má ṣe é. Ó lọ aṣọ náà títí ìlà ọwọ́ rẹ̀ fi mú bí ọ̀bẹ.

"Oyèdòkun!" wọ́n pè láti ẹnu ọ̀nà Yàrá Kẹrìnlá.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló jókòó nínú yàrá náà. Ó jọ pé kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ìkà ìbò ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jókòó," ó ní. "Delphine Oakes ni mí. Èmi ni ẹlẹ́rìí ìjọba níbí. Ẹ jẹ́ kí n ka òfin fún yín, dandan ni."

Ó gbé káàdì kan sókè, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

"Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yọ ìbò olóògbé. Ọ̀kan, kó jẹ́ pé ó yí ọkàn padà kí ó tó kú, kí ẹbí méjì sì búra sí i. Èkejì, kó jẹ́ pé ẹnì kan fipá mú un nígbà tí wọ́n ń gba ohùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kó jẹ́ pé olóògbé kì í ṣe ẹni tó pe ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, ìbò rẹ̀ di asán, ìwé ọmọ-ìlú ẹnikẹ́ni tó gba ipasẹ̀ rẹ̀ rí ìwé náà di asán lọ́jọ́ kan náà. Ìyàwó, ọmọ, ọmọ-ọmọ." Ó gbé káàdì náà sílẹ̀. "Ìyẹn kò kàn yín. Gbogbo èèyàn ni mò ń kà á fún. Ọ̀nà wo lẹ bá wá?"

"Ọ̀nà kìíní," Ìbírónkẹ́ wí.

Àpótí tó wà láàárín tábìlì kò tóbi ju odindi búrẹ́dì kan lọ. Oakes ki káàdì mìíràn bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná kékeré kan tàn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ni ikọ́. Ikọ́ bàbá rẹ̀ gan-an ni, méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ìkẹta tó dá dúró lẹ́yìn wọn.

"Ìbírónkẹ́," ohùn náà wí. "Ṣé dáadáa lo jí? Ìyá rẹ ńkọ́?"

Orúnkún Fàdérera ti tẹ̀ díẹ̀ lórí àga kí ó tó rántí ara rẹ̀. "A dúpẹ́, Bàbá Ìbírónkẹ́," ó ní. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ ní Yorùbá ń jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lójú gíláàsì tó wà níwájú Oakes. Ó fọwọ́ júwe sí Ìbírónkẹ́ pé kí ó bẹ̀rẹ̀.

Ìbírónkẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó búra pé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, nínú ọsibítù, bàbá òun wo ọkọ òun, ó sì sọ pé ojú òun ti là, pé kò yẹ kí wọ́n lé ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ. Ó ti kọ́ gbólóhùn náà sórí. Ó sọ ọ́ láìkọsẹ̀.

"Olóògbé ní ẹ̀tọ́ láti fèsì," Oakes wí.

"Ọmọ mi ń purọ́." Ohùn náà kò bínú. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. "Bọ́tìnì tó ń gba ohùn wà lọ́rùn aṣọ mi títí ẹ̀mí fi bọ́ lára mi. O mú un wá lóòótọ́. O ní, 'Bàámi, ẹ wò ó.' Mo kọjú sí ògiri. Nígbà tí ẹ lọ tán, nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ni ọkùnrin yẹn. Mo ní ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé ni."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ò kórìíra rẹ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni tèmi. Mo tò lórí ìlà. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ara mi. Kí ló dé tí ẹlòmíràn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Tí wọ́n bá lé e, Mọrádékẹ́ ò ní ní bàbá nílé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

"Bàbá tèmi náà ò sí nílé. Mo ṣáà dàgbà."

Oakes wo aago. Àánú wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi irú àánú bẹ́ẹ̀ wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lọ́sẹ̀ náà. "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún," ó ní. "Àpótí ti tako ìbúra yín. Ọ̀rọ̀ ìyàwó olóògbé nìkan ló lè borí rẹ̀. Ìyáàfin Oyèdòkun, ṣé ọkọ yín yí ọkàn padà kí ó tó kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ni wọ́n jọ fẹnu kò sí nínú mọ́tò pé kí ó sọ. Fàdérera kò wo Oakes rárá. Ó fà mọ́ àpótí náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì.

"Akínsúyì," ó pè é.

"Ta lò ń pè?" ohùn náà béèrè.

Fàdérera bá bọ́ sínú èdè Ìkálẹ̀ ilé wọn, èyí tó fi máa ń bá Ìbírónkẹ́ wí ní kékeré tí inú bá bí i. Ó sọ ọ́ kíákíá, láìmí. Ohun tí ó kọ́kọ́ já Ìbírónkẹ́ láyà ni pé kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ẹ̀yin" mọ́. "Ìwọ" ló ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Ìbírónkẹ́ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ìyá rẹ̀.

"Akínsúyì, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Oyèdòkun ti kú kí a tó kúrò nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ẹ jọ ń ṣe tíṣà ní Òkìtìpupa. Òun ló jẹ lọ́tìrì físà, mọ́tò sì pa á nígbà tó ń lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn pé ó dìgbóṣe. Ìwọ lo lọ kó ẹrù rẹ̀ nínú yàrá tí ẹ jọ ń gbé. O mú lẹ́tà náà. O mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. O ní kí n máa pè ọ́ ní Samuel, mo pè ọ́ ní Samuel fún ogójì ọdún. Mo sin ọ́ pẹ̀lú orúkọ olórúkọ. Ẹnu ọ̀nà wo lo gbà wọlé? Sọ ọ́ kí ọmọ rẹ gbọ́. Ẹnu ọ̀nà wo?"

Àpótí náà wúkọ́.

"Fàdérera, ohun tí ò ń sọ kò yé mi," ohùn náà wí. "Jọ̀wọ́, sọ Yorùbá."

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ọkùnrin náà, a bí i síbẹ̀, ó ṣe tíṣà níbẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ọdún mẹ́fà yẹn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè ìyá rẹ̀ jábọ́ síwájú ẹ̀rọ. Ẹni tó wà nínú àpótí yìí kò mọ̀ ọ́n.

Oakes fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀rọ ò gbọ́ èyí. Ó ní èdè náà kò sí lọ́dọ̀ òun." Ó wo Ìbírónkẹ́. "Kí ni ìyá yín sọ?"

Ìbírónkẹ́ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò sọ, ìbò náà á sì já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé obìnrin náà ti jókòó padà, ó sinmi ẹ̀yìn mọ́ àga bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀. Ó fẹ́ kí òun sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ yìí, ìwé bàbá ni ọmọ ń jogún. Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí kò já mọ́ nǹkan kan. Tí Oyèdòkun bá ṣubú, Fàdérera ṣubú, òun ṣubú, Mọrádékẹ́ ṣubú. Wọn ò ní gba ìyá rẹ̀ sí ọsibítù tó ń tọ́jú kíndìnrín rẹ̀. Whitcomb sì lè wọlé síbẹ̀síbẹ̀, kí wọ́n wá lé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó rò nípa Ládípọ̀. Ó mọ̀ pé òun ń rò nípa rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ó ní àárò rẹ̀ ń sọ òun," Ìbírónkẹ́ wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó ń bi í pé ṣé ara tù ú níbi tó wà."

Ogójì ọdún ni Fàdérera ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ìyáàfin?" Oakes bi í. "Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyẹn?"

Iná ara àpótí náà ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá náà gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ra.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Ọkọ yín kò wá yí ọkàn padà?"

"Kò yí i padà rí."

Oakes tẹ òǹtẹ̀ lé ìwé náà. Ó ní òun bá wọn kẹ́dùn, ó sì dà bíi pé òótọ́ ló ń sọ. Ó yọ káàdì kúrò lára àpótí nígbà tí ohùn náà ṣì ń sọ pé kí Ìbírónkẹ́ rọra wa mọ́tò.

Nínú mọ́tò, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nílùú.

"Mo ti ṣe tán láti lọ," Fàdérera wí.

"Lọ síbo, Màámi? Ta lẹ ní níbẹ̀?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo sọ. Mo ní mo ti ṣe tán."

"Èmi ò tíì ṣe tán. Mọrádékẹ́ ò tíì ṣe tán."

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Òun ti ṣe tán?"

Ìbírónkẹ́ tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ wo ojú fèrèsé. "Bàbá rẹ máa ń jí tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn," ó ní. "Ogójì ọdún. Mo rò pé ẹ̀rù yẹn máa jẹ́ kí ó ṣàánú ẹni tó bá wà nínú irú ẹ̀. Àfi bó ṣe kórìíra wọn ṣáá. Èmi sì ń bu oúnjẹ fún un."

Ládípọ̀ ti se ìrẹsì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Kò béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró kí Mọrádékẹ́ jáde lọ ṣeré lẹ́yìnkùlé.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò gbà," Ìbírónkẹ́ wí. "Àpótí ní irọ́ ni mò ń pa."

"Ìyá ńkọ́?"

"Màámi ò lè parọ́ mọ́ ọn."

Ládípọ̀ mi orí. "Ẹ kú ìrìn," ó ní. Ìbírónkẹ́ bu ìrẹsì fún un, ó bu fún ara rẹ̀, wọ́n sì jẹun.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kéde èsì. Ìdílé tó lé ní igba ló ti wọ yàrá bẹ́ẹ̀ káàkiri Ohio, tí ọ̀pọ̀ wọn sì yọ ìbò òkú wọn kúrò. Kò tó. Ìbò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Whitcomb fi wọlé. Àwọn aládùúgbò ní kí Ìbírónkẹ́ má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé ẹyọ kan kò lè ṣe nǹkan kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń rò ni iye yàrá mìíràn tí ẹnì kan ti jókòó, tí wọ́n bi í pé kí ni ìyá rẹ sọ.

Whitcomb búra ní oṣù kìíní. Ìwé tó ní kí Ládípọ̀ kúrò dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, déètì tí yóò lọ sì wà lórí rẹ̀: ogúnjọ́ oṣù kẹrin, aago méjìlá ọ̀sán. Fàdérera ò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó ń wá, ó ń bá wọn ká aṣọ, ó ń di irun Mọrádékẹ́, ṣùgbọ́n "ẹ kú ilé" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló ń bá Ìbírónkẹ́ sọ. Ládípọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń jókòó pa pọ̀ ní bàkónì, tí wọ́n á dákẹ́ bí Ìbírónkẹ́ bá yọjú.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kó èèyàn lọ tóbi bí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Báàgì kan ni òfin gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ládípọ̀ gbé Mọrádékẹ́ sọ́rùn títí wọ́n fi dé ibi ìlà pupa tí àwọn tí kò lọ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí ó lọ ka iye àga tó wà lọ́hùn-ún fún òun. Ọmọ náà sáré lọ.

"Ìyá sọ fún mi," ó wí.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Akínsúyì."

Ìbírónkẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kejì tí ẹ dé. Wọ́n ní kí n má bínú sí ọ."

Oṣù márùn-ún. Ó ti mọ̀ fún oṣù márùn-ún, ó ń jẹun níwájú rẹ̀, ó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe nítorí pé òun ò ní sí níbẹ̀ mọ́ tí òtútù bá dé.

"Kí ló dé tí o ò sọ nǹkan kan?"

"Mò ń dúró dè ọ́ ni." Kò gbé ohùn sókè. "Ká ní o bi mí ni, màá ní kí o pa á mọ́. Nítorí Ìyá, nítorí ọmọ yẹn. Mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n o ò bi mí. O ti mú ẹni tó máa lọ nínú wa, o wálé, o bu oúnjẹ fún mi."

 Mọrádékẹ́ ń sáré bọ̀, ó ń pariwo nọ́ńbà àwọn àga náà kí ó má baà gbàgbé rẹ̀. Ládípọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ọ, ó ní ó kà á dáadáa, ó fẹnu kò ó lórí. Ìlà àwọn tó ń lọ sún síwájú. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì sún pẹ̀lú wọn.